Owó Sẹ́fà Àbúrò Mi

Nígbà tí náírà wa ṣì níyì, èmi ni mo máa ń fún àbúrò mi lówó ọkọ̀ tó bá ń padà sílé ọkọ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn bọ́dà Sẹ̀mẹ̀. Ní báyìí, tó bá dé Ìta Fájì, ìwọ̀nba sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná lọ́hùn-ún, tó bá pààrọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó, gbogbo agboolé ló máa ń jẹ nínú rẹ̀. Mò ń jowú rẹ̀. N ò ní purọ́.

Ìyá kan náà ló bí wa, ìdí ìsọ̀ àǹkárá kan náà ló ti kọ́ wa lọ́jà. Ọbẹ̀ kan náà là ń sè, kéú kan náà la kà. Kí wá ló gbé e ga jù mí lọ? Bàbá àgbà ilé wa a máa ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, wọn a sì máa wo ọ̀dọ̀ mi, bí ẹni pé oorun ni mò ń lọ sùn ní ìsọ̀ mi ní Apọ́ngbọ̀n. Èmi a ní irú owó tó ń ná ló fà á. Ẹ fún èmi náà ní sẹ́fà ná, ká wá wò ó.

Iléyá tó kọjá ló ba àlàyé mi jẹ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní Lomé, bá a wá. Yorùbá ni òun náà, sẹ́fà ló ń ná, àǹkárá ló ń tà. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bi mí bóyá mo ní bàtà tí n ò wọ̀ mọ́. Inú mi kọ́kọ́ dùn, kí Ọlọ́run forí jì mí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé kì í ṣe sẹ́fà ló ń sọni di olówó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọmọbìnrin mi, ẹni tí mo ń tọ́jú ìsọ̀ mi dè, sọ pé òun fẹ́ bá àǹtí òun lọ sí Àjàṣẹ́. Mo fi obìnrin Lomé hàn án. Mo ní ṣé ó rí i, owó tó ń lé yẹn náà ni tọ̀hún ń ná, bàtà àlòkù ló sì ń tọrọ.

"Màmá, kì í ṣe owó ni mò ń lé," ó ní. "Tí àǹtí bá fẹ́ ra ọjà, wọ́n máa ń bi mí pé kí ni mo rò."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ní ìdí ìsọ̀ ìyá wa, ọmọ kì í dá iye lé ọjà níwájú ìyá rẹ̀. Á tú aṣọ, á ká aṣọ, á panu mọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọmọ mi. Àbúrò mi ti sọ àṣà yẹn nù lẹ́yìn bọ́dà, kò sì sọ fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan di àǹkárá aláwọ̀ ewé kan mú, ó béèrè iye rẹ̀. Àbúrò mi jókòó tì wá. Mo gbé ìtìjú mì, mo yíjú sí ọmọ mi.

"Èló ni ká tà á?"

Ó kọ́kọ́ wo ojú àbúrò mi kó tó dá mi lóhùn.