Alágbàfọ̀ Tí Wọ́n Ní Kó Lọ Sinmi Lórí Omi

Ìwé ìpolówó ọkọ̀ náà sọ pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí tí yóò fi gúnlẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé ìlérí lòun ń ṣe. Létí alágbàfọ̀ tí mò ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ìhàlẹ̀ ni.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí obìnrin náà ti wà nídìí áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìfowópamọ́ kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, yàrá tóóró tó gbóná bí inú ààrò. Aṣọ tí wọ́n ti lọ rọ̀ sókè, èyí tí wọn ò tíì lọ wà nínú agbọ̀n nílẹ̀, tábìlì tí igun rẹ̀ kan ti jóná sì wà láàárín. Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé bó bá lọ ṣòkòtò fúnni, èèyàn á máa bẹ̀rù àtijókòó.

Dókítà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ màmá ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, kó lọ sinmi. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu dókítà, ó sọ ọ́ di òfin. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ni pé màmá yóò lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìfúnpá rẹ̀ bá wálẹ̀, kó máa bá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Bó bá gòkè, kó kó kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ lọ́wọ́, kí wọ́n gbé ibẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe afẹ́ ló gbé obìnrin yìí wọ ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń gbà sílẹ̀.

Ọkọ̀ onígbòkun ni, irú ti àtijọ́, pákó látòkèdélẹ̀, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń tì í lọ. Atukọ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ọ̀gá ọkọ̀, alásè, àti ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan tó ń mú okùn, tí wọ́n ń pè ní Gìrìpá. Màmá àti ọmọ rẹ̀ nìkan ni àlejò. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé dáadáa sì ni àwọn atukọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bí màmá bá dìde, àwọn náà á dìde. Bó bá nawọ́ sí ife, alásè á ti gbé e. Bó bá ní kóun ká aṣọ ìnura tóun fi nu ojú, Gìrìpá á sáré dé. "Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Àwa ńkọ́?" Bó bá ń jẹun, wọ́n á dúró tì í, wọ́n á máa wo ẹnu rẹ̀ bóyá iyọ̀ tó.

Nígbà tí màmá ń ròyìn rẹ̀ fún mi, ó bi mí pé, "Ṣé o ti jẹ ẹran rí, kí géńdé mẹ́ta máa bá ọ fojú sìn ín títí tó fi gba ọ̀fun kọjá?"

Mo ní rárá.

"Wọ́n ń pè é ní ìsinmi."

Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Òfin ọkọ̀ ni pé bí wọ́n bá ń yí ìgbòkun padà, kí gbogbo àlejò jókòó, nítorí igi gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ máa ń fì kọjá lórí ọkọ̀. Àlejò mìíràn, ọ̀gá ọkọ̀ á kígbe mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ní ta lòun tóun á máa pàṣẹ fún ẹgbẹ́ ìyá òun? Ohun tó máa ń ṣe ni pé á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Màmá, ẹ kú ìnàró o." Màmá á dáhùn pé, "O ṣeun, ọmọ mi," á sì tún wà lórí ìnàró. Ọ̀gá ọkọ̀ wá bẹ ọmọ màmá pé kó bá àwọn sọ fún un.

Ọmọ ní, "Èmi? Ṣé ẹ rò pé mi ò tíì sọ ọ́ ni?"

Ọmọ yìí náà kì í ṣe ẹni ìsinmi. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá dání, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ ló ń dì í mọ́ ìyá rẹ̀ lápá. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Bí ẹ̀rọ bá ti fi hàn pé ó gòkè, ọmọ á mí kanlẹ̀, ìyá á gbọ́ ọ, èyí tó tẹ̀ lé e á tún ga jùyẹn lọ.

"Ẹ má sọ̀rọ̀, Màámi. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Èmi nìkan ni ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ yí padà, ọ̀gá ọkọ̀ sì fẹ́ yí ìgbòkun. Gìrìpá di okùn mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹ̀rọ ìfúnpá wà lórí tábìlì kékeré kan. Màmá wà lórí ìnàró. "Màmá, ẹ kú ìnàró o," ni ọ̀gá ọkọ̀ wí, òógùn sì ti ń bò ó. Ìgbà yẹn gan-an ni alásè gòkè látinú ọkọ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù omi gbígbóná, màmá sì na ọwọ́ láti gbà á.

Gìrìpá rí àgbàlagbà tó fẹ́ gbẹ́rù. Ẹ̀kọ́ ilé dìde nínú rẹ̀.

"Ẹ gbé e wá, Màmá!" Ó sì ju okùn sílẹ̀.

Igi ìgbòkun fì gbàá. Ọpẹ́ ni pé kò kan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó gbá tábìlì, ẹ̀rọ ìfúnpá sì bọ́ sómi. Ọ̀gá ọkọ̀ pariwo fún ìgbà àkọ́kọ́: "Ẹ jókòó!" Gbogbo wọn jókòó. Gìrìpá tó yẹ kó lọ mú okùn náà jókòó. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú mú ọ̀gá ọkọ̀ pé òun jágbe mọ́ àgbà. Ó fi ìdí ìtọ́kọ̀ sílẹ̀, ó wá ń bẹ màmá.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹnu ló yọ̀."

"Mo ti gbọ́. Ta ló ń wa ọkọ̀?"

Ẹnikẹ́ni kò wà á. Ọkọ̀ ti ń yí lójú kan bí òkòtó.

Ọmọ sọ fún mi pé ìyá òun ló mọ̀ọ́mọ̀ fi ìgbáròkó ti tábìlì náà. Ìyá ní irọ́ ni, afẹ́fẹ́ ni. Mo bi ọ̀gá ọkọ̀. Ó ní òun kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ kan pé, ọkọ̀ gúnlẹ̀. Láti èbúté, ọ́fíìsì dókítà ni wọ́n gbà lọ tààrà. Dókítà wọn ìfúnpá, ó tún un wọ̀n, ó yẹ ìwé ti tẹ́lẹ̀ wò. Bákan náà ni. Kò gòkè, kò wálẹ̀.

Àdéhùn wọn kò ro ti ìyẹn.

"Kò wálẹ̀," ni ọmọ wí. "Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Ṣé ó gòkè ni? Ìwọ olùkọ́ ìṣirò, bí méjì bá dọ́gba, èwo ló pọ̀ jù?"

"Màámi!"

"Dókítà, ẹ bá mi bi í."

Dókítà ní kí wọ́n jọ̀ọ́, àwọn aláìsàn mìíràn ń dúró níta. Òun ló wá là á: kí màmá di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú, kó gba ẹni tí yóò máa lọ aṣọ, kí òun fúnra rẹ̀ máa jókòó.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti gba ẹni náà lóòótọ́. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo bí màmá ṣe ń lọ ọrùn ẹ̀wù kan tó ní onítọ̀hún ò lọ dáadáa. Fóònù dún. Màmá fi èjìká há a mọ́ etí, áyọ́ọ̀nù ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo jókòó," ló kọ́kọ́ sọ.

Mò ń gbọ́ ohùn ọmọ náà láti ibi tí mo wà. "Mò ń gbọ́ áyọ́ọ̀nù, Màámi."

"Ilé kejì ni."

"Ẹ má jẹ́ kí n wá síbẹ̀ o!"

"Máa bọ̀," ni màmá wí, ó yí ẹ̀wù náà padà. "Ẹ̀wù ọkọ rẹ ti ń gba eruku níbí, kò sẹ́ni tó wá gbé e."