Ta Ló Wá Ra Wákàtí?

Nígbà tí Bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ohun tó nira fún wọn jù ni pé kò sí ibi tí wọ́n ń lọ láàárọ̀ mọ́. Wọ́n á kírun àsùbáà, wọ́n á lọ bùbá àti ṣòkòtò wọn títí á fi gún régé, wọ́n á wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Màmá mi ní àánú aṣọ yẹn ń ṣe òun. Bí wọ́n ṣe ní kí Bàbá máa bọ̀ níbi àtẹ ọ̀pẹ̀yìnbó àwọn létí títì nìyẹn, ní Fìdítì wa níbí.

Ó ti pẹ́ tí Màmá ti ń ra ọ̀pẹ̀yìnbó lóko tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn èrò ọkọ̀. Àwọn obìnrin méjì ló ń bá wọn tà, kò sì sẹ́ni tó ń gba owó ọjọ́ nínú wọn. Agbọ̀n tí èèyàn bá tà tán ni Màmá ń fún un lówó lé lórí. Ẹni tí kò bá tà, á kí Màmá pé ó dàárọ̀, Màmá náà á ní ó dàárọ̀, ó parí. Màmá sọ fún Bàbá pé òfin kan náà ni. Bàbá mi orí bí ẹni tó gbọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, nígbà tí Bàbá lọ bá Màmá.

"Láti àárọ̀ ni mo ti wà níbí," wọ́n ní. "N kò dìde àfi ìgbà tí mo lọ kírun. Ó yẹ kí iye kan kàn mí."

Màmá yọjú wo agbọ̀n Bàbá. Ó kún bó ṣe wà láàárọ̀.

"Bàbá wọn," Màmá ní, "ta ló wá ra wákàtí lọ́wọ́ yín?"

Ọ̀rọ̀ yìí di tẹrú tọmọ létí títì. Bí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bá yán, èkejì á ní wákàtí ló ń tà.

Ká sòótọ́, Bàbá ò mọ̀ ọ́n tà. Bí ọkọ̀ bá dúró, àwọn obìnrin á sáré gbá a mú, Bàbá á dúró sídìí àtẹ bí ẹni tí wọ́n máa gbé fáìlì wá bá. Bí èrò kan bá wá bi wọ́n pé ṣé ó dùn, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, wọ́n á ní, "Èyí ò tíì dùn. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì." Ògbómọ̀ṣọ́ ni onítọ̀hún ń lọ.

Ti èènì ló wá burú jù. Òfin Màmá ni pé èènì téèyàn bá bù fún oníbàárà, nínú owó tirẹ̀ ni yóò ti jáde. Bàbá ò lè sọ pé rárá. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí á sọ̀ nínú ọkọ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní, "Ọ̀gá wa, ẹ ò ní fún wa ní èènì?" Bàbá á fún wọn. Ìròyìn lọ káàkiri. Láìpẹ́, àwọn tí kò dé ọ́fíìsì ìjọba rí láyé wọn náà ti ń pe Bàbá ní ọ̀gá.

À ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá ò rẹ́rìn-ín, nítorí Iléyá ń bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, Màmá ló ra àgbò, wọ́n wá fi okùn rẹ̀ lé Bàbá lọ́wọ́ níta kí àwọn ará àdúgbò lè rí i. Bàbá fà á wọlé. Nígbà tí wọ́n pa á, Bàbá ò fẹnu kan ẹran náà, kò sì dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú àwa yòókù. Lọ́dún yìí, wọ́n ti búra pé owó ara àwọn làwọn máa fi ra ẹran. Owó ìfẹ̀yìntì wọn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń gbé e lọ. Mo ní kí n fún wọn ní nǹkan.

"O ṣeun, ọmọ mi," wọ́n ní. "Ṣé o fẹ́ ra ọ̀pẹ̀yìnbó ni?"

Mo ra ọ̀pẹ̀yìnbó. Wọ́n fún mi ní èènì.

Bàbá wá bọ́ bàtà ọ́fíìsì sílẹ̀, wọ́n wọ sálúbàtà. Wọn ò purọ́ fún oníbàárà síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wá ọgbọ́n dá sí i: "Èyí, ẹ gé e lónìí. Èyí, ẹ gbé e pamọ́ dọjọ́ Ẹtì." Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra méjèèjì. Agbọ̀n ń tán. Síbẹ̀, èènì ń jẹ nínú owó wọn, owó àgbò sì ń gòkè lójoojúmọ́. Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, mo bẹ Màmá pé kí wọ́n fi díẹ̀ lé iye tí wọ́n ń san lórí agbọ̀n.

"Bí mo bá fi lé e," Màmá ní, "mo ti ń bọ́ ọkọ mi nìyẹn. Wọ́n á mọ̀."

Mo rí i pé ó ń dun Màmá ju bó ṣe ń dùn mí lọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọdún dé, Bàbá gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Àwẹ́. Òbúkọ ni wọ́n gbé bọ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbi tí àdúgbò wa ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń fà á kọjá níwájú ilé gbogbo. Aládùúgbò wa kan bi wọ́n pé irú àgbò wo lèyí tó ní irùngbọ̀n.

"Àáfà wọn ni," Bàbá ní, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Lọ́jọ́ ọdún, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á, Bàbá jókòó ti ẹran, wọ́n ń pín in. Lọ́dọ̀ wa, àna tàbí ẹni àgbà tí èèyàn ń bọlá fún ni wọ́n ń gbé itan fún. Bàbá gé itan kan, wọ́n gbé e sínú àwo, wọ́n fi ìdérí tó mọ́ dé e.

"Gbé e lọ fún ọ̀gá mi," wọ́n ní.

Mo bi wọ́n pé ọ̀gá wo. Mo rò pé ẹnì kan láti ọ́fíìsì wọn àtijọ́ ni. Bàbá fi àgbọ̀n ìsàlẹ̀ júwe ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Màmá ti ń koná.

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Màmá, mo sì jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán mi. Màmá gba àwo náà, wọ́n ṣí i. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ta ló ń gbé itan fún obìnrin nínú ilé ara rẹ̀?" wọ́n ní. "Dá a padà fún wọn. Sọ fún wọn pé kò sí nínú àdéhùn wa."

Mo na ọwọ́ láti gbà á. Màmá ò fi àwo náà sílẹ̀.