Ike Ọ̀dà Kẹfà

"Kọ́kọ́ pè é, kó o tó já a."

Ọwọ́ ìyá ìyá mi wà lórí efinrin, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo bákóní wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo kúnlẹ̀. "Efinrin, ẹ jọ̀ọ́, inú ń run mí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kó o kúnlẹ̀ fún ewé? Pè é lórúkọ, ó tó."

Langley Park, lókè òkun, là ń gbé nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi ń jáde. Títí n ó fi dé, Màmá àgbà kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀ àfi ewé tó gbìn sínú ike ọ̀dà mẹ́fà. Etí ìró rẹ̀ ló di irúgbìn wọn sí wá láti Ọ̀yọ́. Kò mọ̀wé, nítorí náà èmi ni akọ̀wé. Á gbo ewé lọ́wọ́, á gbé e sí mi nímú, á pe orúkọ rẹ̀ àti àìsàn tó ń wò. Á gé téèpù fún mi, n ó kọ ọ́, n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike.

"Bí mo bá lọ, ìwọ nìkan ló máa mọ̀ wọ́n níbí."

A kọ márùn-ún. Nígbà tó kan ẹ̀kẹfà, ewé múlọ́múlọ́ tó máa ń sè fún ikọ́ mi, eré àwọn ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn.

"Grandma, tomorrow, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dáa, ọkọ mi."

N kò padà síbẹ̀ mọ́. Láìpẹ́ ó ní ìdákẹ́rọ́rọ́ ilé wa fẹ́ pa òun, ó padà sí Ọ̀yọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kú.

Ikọ́ dé bá mi nígbà tí òtútù ń bẹ̀rẹ̀. Mo bi màmá mi ní orúkọ ewé náà.

"Mi ò mọ̀ ọ́n o. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Lagos ni mo dàgbà sí, syrup la máa ń lò."

Mo dúró níwájú ike kẹfà, mo ń wúkọ́. N kò mọ ohun tí n ó pè é, n kò sì lè já a bẹ́ẹ̀. Mo wọlé. Lọ́sẹ̀ yẹn ni òtútù pa ewé náà.

Mo ti dàgbà báyìí, mo ti kó lọ sí Greenbelt nítòsí ibẹ̀. Bí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, mo máa ń gbo ewé lọ́wọ́, kí n gbóòórùn rẹ̀. N kò tíì bá ewé kẹfà yẹn pàdé, ó sì ń dùn mí. Ike náà wà lọ́dọ̀ mi. Téèpù òfìfo kan wà lára rẹ̀. Màmá àgbà ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fúnra rẹ̀, ó ń dúró de ọ̀la mi.