Ìyá Abàtà Tí A Pa

Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ Badagry láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì, àbúrò mi obìnrin tẹ̀lé mi wá. Èkìtì ni wọ́n ti bí wa, a kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwa méjèèjì ti dàgbà, síbẹ̀ géèmù la fi ń sinmi. Bí a bá ti fọṣọ tán lọ́jọ́ Sátidé, a ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ní fàráńdà. Àbúrò mi ni yóò máa tẹ bọ́tìnnì, èmi ni yóò máa ka ọ̀rọ̀ tó bá jáde.

Bàbá tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa máa ń gbé àga wá bá wa. Ọmọ Ajido ni, Ẹ̀gùn sì ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ó ti wa bọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún láti Seme sí Badagry kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Gẹ̀ẹ́sì inú géèmù náà le fún un, nítorí náà mo máa ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Kò pẹ́ tó fi mọ ìtàn náà jù mí lọ.

Ìlú kan ló wà létí abàtà. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń sọnù lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ènìyàn sì ní ìyá kan tó fi aṣọ dúdú bojú, tó ń dá gbé nínú abàtà, ló ń jí wọn gbé. Iṣẹ́ tiwa ni pé ká pa á. Ọ̀gágun àgbà kan ń bá wa rìn. Òun ló di ọgbẹ́ wa nígbà tí ìkookò bù wá jẹ, òun ló pín búrẹ́dì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún wa. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. "Èèyàn gidi nìyí," ló máa ń wí. "Ẹ má fi í sílẹ̀ o."

Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká tó dé ọ̀dọ̀ ìyá abàtà. Àbúrò mi bá a jà títí ìka fi ń dùn ún. Nígbà tí obìnrin náà ṣubú, mo rò pé yóò gbé wa ṣépè. Kò ṣépè. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra ṣílẹ̀kùn. Àwọn tó kéré jù ń sùn."

A rò pé ẹ̀tàn ni. A ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní ó sọnù ló wà nínú ilé náà, gbogbo wọn, orí wọn mọ́, ara wọn dá. Ọmọbìnrin kan dìde, ó rí ọ̀gágun lẹ́yìn wa, ó sì fi igbe ta, ó sá lọ há mọ́ igun ilé. Ẹnu ọmọ náà la ti gbọ́ òtítọ́. Ọba ìlú ló ń kó ọmọdé lọ síbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, tí ẹnikẹ́ni kì í ti í padà. Ọ̀gágun ló ń bá a mú wọn. Ńṣe ni ìyá abàtà ń fi wọ́n pa mọ́.

Àbúrò mi ká ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Àǹtí mi, ẹ tún un kà. Ẹ ṣì í kà ni."

Mo tún un kà. N kò ṣì í kà. Àbúrò mi gbìyànjú láti dá géèmù náà padà sẹ́yìn, kò ṣeé ṣe. Mo mọ̀ pé àwòrán lásán ni, síbẹ̀ mo tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta.

"Jiwheyẹwhe!" Bàbá ń ké pe Ọlọ́run ní Ẹ̀gùn, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ wọ bàtà. A rò pé inú ló ń bí i sí wa.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó pè wá.

"Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí," ó ní.

Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Seme, obìnrin kan wọ bọ́ọ̀sì òun, ó gbé ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́, kò ní ẹrù kankan. Kí òun tó ṣíná, ọkùnrin kan sáré dé. Aṣọ rẹ̀ mọ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí òun, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó ní ọmọ-ọ̀dọ̀ òun lobìnrin yẹn, pé ó jí ọmọ òun gbé ni.

"Obìnrin yẹn ń pariwo," Bàbá wí. "Ó ń ṣépè, ó gé mi lọ́wọ́ jẹ. Ọkùnrin náà ń sunkún jẹ́ẹ́. Ta lẹ̀yin ì bá gbà gbọ́?"

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí wa.

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi já ọmọ náà gbà, tí mo gbé e fún ọkùnrin náà. Ọmọ náà ń na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, awakọ̀ kan tó mọ ìdílé náà sọ fún un pé obìnrin yẹn ló bí ọmọ náà, pé ọkùnrin náà a máa fi irin lù ú, àti pé sísá ló ń sá fún un. Bàbá wádìí títí ó fi gbọ́ pé ọmọ náà wà lọ́dọ̀ ìyá ọkùnrin náà ní Ikoga. Gbogbo àdúgbò ló bẹ̀rù ìyá yẹn. Òun ló ń da ọ̀rọ̀ burúkú sí aya ọmọ rẹ̀ lára lójoojúmọ́. Bàbá lọ bá a, ó sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyá náà bú u, ó pè é ní òmùgọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú.

"Mo ti ń lọ. Ni mo bá rí ìyá náà tó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ó ti wẹ ọmọ náà, ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú ìró. Ó ní, 'Èmi ni mo bí bàbá rẹ̀, mo mọ ohun tí mo bí. Gbé e lọ kó tó dé.'"

Àbúrò mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin tó ń bá wa ká aṣọ lórí okùn bí òjò bá ṣú ló jókòó síwájú wa yìí.

"Ìyá ọmọ náà ńkọ́?" mo bi í níkẹyìn.

"Awakọ̀ yẹn ló júwe ibi tó sá lọ fún mi. Mo gbé ọmọ náà fún un. Ó gbà á. Kò wo ojú mi, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi kú, kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún."

A rò pé kò ní fẹ́ rí géèmù náà mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Sátidé dé, òun fúnra rẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn wa. A bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a dá a dúró sí. Ọ̀gágun ju idà rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wa. Ó ní ọmọbìnrin tó há mọ́ igun yẹn, ọmọ òun ni. Ó ní ọmọ náà ni ọba kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ òun, ọba sì ṣèlérí pé wọn yóò dá a padà bí òun bá mú àwọn ọmọ ẹlòmíràn wá. Nígbà tí ọmọ náà wá sọnù, ọba ní ìyá abàtà ló jí i.

Géèmù ní ká pa á, tàbí ká jẹ́ kó wọlé.

"Bàbá, kí ni ká ṣe?" àbúrò mi bèèrè.

"Má bi mí, ọmọ mi."

Ó pẹ́ gan-an kí àbúrò mi tó tẹ bọ́tìnnì. Ó jẹ́ kí ọ̀gágun wọlé. Ọmọ náà kò sún mọ́ bàbá rẹ̀. A kó àwọn ọmọ jáde nínú abàtà, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ọ̀gágun sì ń tẹ̀lé wa bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bàbá tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ẹ rọra máa rìn," ló wí nígbà tó yá. "Ẹ jẹ́ kó lè bá wọn."

Àbúrò mi dẹ ìrìn náà.