Àdúrà Tí A Gbà fún Ọmọ Mi Tó Wà ní Báńkì Àpapọ̀

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ iṣẹ́ mi níbi àdúrà mọ́."

Ọmọ mi obìnrin ló pè mí láti Àbújá tó sọ bẹ́ẹ̀. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí àyà mi já. Mo fi aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàngó ní Ọ̀tà, níbi tí mo ti ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣi iṣẹ́ ọmọ náà mọ̀. Kì í ka owó, kì í sì í tẹ owó. Báńkì tó ń darí gbogbo báńkì yòókù ló wà, ní ẹ̀ka ìwádìí. Iṣẹ́ wọn ni láti wo iye tí wọ́n ń ta ọjà káàkiri, kí wọ́n wádìí ohun tó mú un gbówó lórí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá tó máa pinnu iye èlé orí owó yíyá. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ó gba èkejì, ó tún ṣe ìdánwò kí wọ́n tó gbà á. Ohun méjì ni wọ́n fi ń gbé èèyàn ga níbẹ̀: ìwé ìwádìí tó kọ, àti bó ṣe mọ ẹnu pa mọ́ tó. Bí ìpàdé àwọn ọ̀gá bá ti ń sún mọ́lé, kò gbọ́dọ̀ bá ará ìta sọ nǹkan kan nípa èlé tàbí dọ́là. Èmi ìyá rẹ̀ náà, ará ìta ni mí.

Ṣáájú ìpàdé kan, ó ní kí n fi òun sínú àdúrà, pé òun ló máa ka ohun tí òun kọ níwájú àwọn ọ̀gá fún ìgbà àkọ́kọ́, òun kò sì rí oorun sùn. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi ìpàdé àdúrà tí à ń ṣe nínú ilé ní Àtàn, oníkálukú máa ń sọ ẹrù ọkàn rẹ̀ síta. Mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún ọmọ mi ní báńkì àpapọ̀, pé iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ wúwo, kò rí oorun sùn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbà á kíkankíkan. Mo dúpẹ́, mo lọ sílé.

Arábìnrin kan wà láàárín wa tó dàgbà jù mí lọ. Ẹ̀yà ẹ̀rọ tó ń ti òkè òkun wá ló ń tà fún àwọn ilé iṣẹ́, dọ́là sì ni ẹ̀mí ọjà rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní ọmọ arábìnrin kan ní Ọ̀tà, tó wà nínú báńkì àpapọ̀, ti sọ pé dọ́là máa gbéra, kí ẹni tó bá ní ọjà nílẹ̀ má tíì tà. Ohùn náà rìn títí ó fi kan ẹni tó ń bá ọmọ mi ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Ọmọ mi nìkan ló ti Ọ̀tà wá ní ẹ̀ka wọn. Ìdí tó fi pè mí nìyẹn; bó ṣe jẹ́ kí n gbọ́ ohùn náà ni mo mọ ẹni tó ni ín.

Mo lọ bá arábìnrin náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítòsí Tóògéètì. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í bóyá ọmọ mi bá a sọ̀rọ̀ rí. Ó ní rárá. Mo bi í pé níbo ló ti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ dọ́là.

"Ọmọ ìyá mi, ọmọ tó jókòó ti owó Nàìjíríà kò rí oorun sùn. Kí lo fẹ́ kí n rò? Bí dọ́là bá fẹ́ wálẹ̀, ṣé a óò máa gba irú àdúrà yẹn ni?"

"Màmá, ìwé ló fẹ́ kà níwájú ọ̀gá. Ẹ̀rù ló ń bà á."

Ó fọwọ́ ra eékún rẹ̀. "Ṣé nítorí ìwé kíkà lo ṣe jẹ́ kí n fi eékún tó ń dùn mí yìí kúnlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ohùn mìíràn sílẹ̀, kó sọ pé ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ó ní bí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á ní báńkì ti halẹ̀ mọ́ òun ni, wọ́n á sì túbọ̀ gba ti àkọ́kọ́ gbọ́. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Ìyẹn ló tún wá dá kún ẹ̀rù mi.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi. Ó ní òun máa lọ fẹnu ara òun sọ fún ọ̀gá òun. Mo ní kó dákẹ́ ná, bóyá kò ní dé etí wọn.

"Mọ́mì, bí mo bá dákẹ́, irọ́ náà á di tèmi."

Ó lọ. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ló kà á níwájú àwọn ọ̀gá. Wọ́n ní kó yàgò fún iṣẹ́ ìpàdé títí wọn yóò fi wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ ti jáde. Wọn kò lé e, wọn kò sì tíì dá a láre. Bó bá pè mí báyìí, á béèrè aṣọ tí mò ń rán, èmi náà á béèrè ohun tó jẹ. Mi ò mọ̀ bóyá dọ́là á gbéra tàbí á wálẹ̀, mi ò sì bi í.

Ohùn náà ṣì ń rìn. Oníbàárà kan tẹ̀ ẹ́ sí mi létí láìpẹ́ yìí bí mo ṣe ń wọn èjìká rẹ̀, kò mọ̀ pé èmi ni ìyá ọmọ náà. Bó bá wà lórí fóònù tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá sì fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ sọ fún un pé ọmọ náà kò sọ nǹkan kan.