Ewé Orí Òkúta àti Ẹranko Inú Ìwé

Òórùn ilẹ̀ tútù ni mo kọ́kọ́ ń rántí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọbìnrin àgbẹ̀ láti Omífúnfún, gbé abọ́ wọ kíláàsì wa ní Odìgbò, ó fi ewé kókò bò ó. Òkúta odò ló wà nínú rẹ̀, ewéko pẹlẹbẹ kan sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Òun ni ìwé wa ń pè ní lífáwọ̀ọ̀tì.

Ìgbà owó epo ni. Ọkọ̀ agégẹdú ń rọ́ kọjá ní Ọ̀rẹ̀, ìjọba ń kọ́ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n àwọn irinṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ṣèlérí fún wa kò dé. Lọ́jọ́ náà ni alábẹ̀wò ilé-ìwé wá pinnu bóyá àwọn ọmọ wa yóò lè ṣe Báyọ́lọ́jì nínú ìdánwò àṣekágbá. Bí ó bá kọ̀, àwọn tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì nínú wọn yóò wá nǹkan mìíràn ṣe.

Alábẹ̀wò ní kí wọ́n fi ewéko náà wé ẹranko kékeré kan nínú ìwé, èyí tí ń gbé orí igi ní ilẹ̀ Éṣíà. Èmi, ọ̀dọ́ olùkọ́ tó ti apá Ọ̀yọ́ wá, tó rò pé òun ti gbọ́n tán, ti kọ́ wọn pé asín tí ń gun igi ni, nítorí bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe dún.

Ọmọbìnrin náà dìde. "Ewéko ni èyí, sà. Kò ní gbòǹgbò gidi, kì í tanná. Ẹranko ni ìyẹn, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Àmọ́ kì í ṣe asín. Ìwé kà á mọ́ ìdílé ọ̀bọ."

"Ọ̀bọ kẹ̀!" ni ẹnìkan kígbe lẹ́yìn. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Alábẹ̀wò náà rẹ́rìn-ín. "Èwo ló lè tètè parẹ́?"

Èmi ti kọ́ wọn pé ẹranko ni yóò kọ́kọ́ parẹ́, nítorí àwọn ọdẹ.

Ọmọbìnrin náà ní: "Ewéko yìí ni, sà, lọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n gé igi etí odò wa, oòrùn ráyè ràn síbẹ̀, àwọn òkúta yòókù gbẹ. Ẹranko lè sá. Èyí ò lẹ́sẹ̀."

Alábẹ̀wò yíjú sí mi: "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

Ó wù mí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. "Rárá, sà. Òun ló ń kọ́ mi lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí."

Ó fa kálàmù yọ, ó buwọ́ lu ìwé àṣẹ Báyọ́lọ́jì wa. Ariwo ayọ̀ tí àwọn ọmọ pa pọ̀ débi pé ọ̀gá ilé-ìwé sáré jáde, ó rò pé òrùlé ti wó.

Kí n má ṣì yín lọ́nà: àwọn onímọ̀ ti yọ ẹranko náà kúrò lára ọ̀bọ báyìí, wọ́n fún un ní ìdílé tirẹ̀. Oríṣiríṣi sì ni ewéko náà àti ẹranko náà. Òmíràn pọ̀ rẹpẹtẹ, òmíràn ń lọ sópin. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, kò sí ẹni tó fìdí rẹmi nínú Báyọ́lọ́jì. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nípa ohun abẹ̀mí kan, mo máa ń kọ́kọ́ wá ẹni tó ń gbé nítòsí rẹ̀.