Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi Lórí Jíà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà lókè òkun ló ni mọ́tò náà. Ó rà á lọ́hùn-ún, ó fi ránṣẹ́ sílé pé kó ṣáájú òun dé, òun fúnra rẹ̀ ò sì tíì dé títí di òní. Mọ́tò eré ìje ni. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbà ju àpò ìwé mi lọ, ó sì pupa bí ata rodo. Tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìlọrá, Fìdítì ni mo sì ń gbé. Ẹ rò ó wò, kí obìnrin tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin máa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá níwájú àwọn tó ń to ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà láràárọ̀.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi fún mi. Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà tí wọ́n kọ Spọ́ọ̀tù sí. Tí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn mọ́tò á yí padà, á máa bú, ara rẹ̀ á sì le débi pé bí táyà bá gun òkúta kékeré, eegun ẹ̀yìn ẹni á mọ̀ sí i.

"Má fi í sí Spọ́ọ̀tù lójoojúmọ́ o," ó wí lórí fóònù. "Ọjọ́ tí ọ̀nà bá dáa tó sì ṣófo la máa ń lò ó. Ó máa ń mu epo bí ẹni mu omi."

Mo ní mo ti gbọ́. Ọdún kan ààbọ̀ nìyí tí mo ti ń fi í sí Spọ́ọ̀tù lójoojúmọ́ tí Olúwa dá, lórí ọ̀nà Fìdítì sí Ìlọrá tí kòtò rẹ̀ ju ọ̀dà rẹ̀ lọ, eré mi kì í sì í ju ti ọ̀kadà tó gbé èèyàn mẹ́ta lọ. Orí mi ò dàrú. Nítorí bàbá mi ni.

Awakọ̀ ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́rì ló ń wà, ó ń kó ọsàn àti kòkó láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn ju Dírẹ́bà lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa títí tó fi darúgbó. Oṣù méjì lẹ́yìn tí a sin ìyá mi ni rọpárọsẹ̀ mú un lápá òsì. Ẹsẹ̀ gbà, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ọwọ́ ló kọ̀. Ní ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀yọ́, obìnrin tó ń tọ́jú iṣan fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan, ó ní kó máa tẹ̀ ẹ́ nígbà gbogbo.

"Bàbá, ẹ má fi ọwọ́ yìí sílẹ̀ lásán o," ó wí. "Àwọn oṣù tá a wà nínú rẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì. Tí ẹ ò bá lò ó, ìka á ká mọ́ra, á le gan-an, kò sì ní ṣeé nà mọ́."

A délé, bàbá mi gbé bọ́ọ̀lù náà sórí wíńdò, ibẹ̀ ló sì wà títí eruku fi bò ó.

"Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni?"

Mo ní, "Bàámi, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́."

Ó ní ọ̀tún òun wà níbẹ̀. Òun ló fi ń jẹun, òun ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọlúàbí. Kí ni èèyàn tiẹ̀ ń fi òsì ṣe, yàtọ̀ sí èyí tí a kì í sọ níwájú ọmọ? Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òsì tàbí ọ̀tún. Láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ ni nǹkan ò ti wù ú ṣe mọ́. Á jókòó lórí àga láti àárọ̀, ọwọ́ náà á wà lórí itan rẹ̀ bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Inú sì ń bí mi sí i, kí n má purọ́.

N ò lè fi òun nìkan sílẹ̀ nílé tí mo bá lọ síṣẹ́. La bá ṣètò pé kó máa bá mi lọ sí Ìlọrá láràárọ̀, kó wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin títí iléèwé á fi jáde. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó fajú ro lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A ò tíì dé ìkóríta tó fi bi mí pé, "Ta ló ń yí jíà?"

"Ó ń yí i fúnra rẹ̀ ni, sà."

Ó pòṣé. "Kí ni awakọ̀ wá ń ṣe níbẹ̀? Ó ń gbàdúrà?"

Kí n lè fi tù ú nínú ni mo ṣe tẹ Spọ́ọ̀tù, mo sì ti ọ̀pá jíà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí mọ́tò yìí, kò ní bọ́ sí jíà tó ga mọ́ àfi tí èèyàn bá fọwọ́ yí i, bíi kó ti ọ̀pá náà síwájú. Mo tẹ iná sí i. Ó bú. Ó ń bú ṣáá, kò sì kúrò ní jíà kìíní. Bàbá mi gbé orí sókè.

"Ó ń bẹ̀bẹ̀ jíà kejì," ó wí.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni n ò lè gbàgbé. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì kúrò lórí itan, ó sì gbé e lé orí jíà. Ó ní nígbà tí òun kọ́ mọ́tò, ìjọba ò tíì yí ọ̀nà padà. Apá òsì títì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà, ọ̀tún sì ni awakọ̀ ń jókòó sí.

"Ibi tí mo wà yìí gan-an ni sítíárìn wà nígbà náà. Òsì ni mo fi kọ́ jíà."

N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti bá bàbá mi gbé láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n ò mọ̀ pé ọwọ́ tó ń fojú tẹ́ḿbẹ́lú yẹn ni ọwọ́ tó kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́.

Àmọ́ agbára ò sí níbẹ̀. Ó fi èjìká tì í, ọ̀pá ò mì. Mọ́tò ń ké, àwọn èèyàn ń wò wá. Ẹ̀yìn sítíárìn ní nǹkan pẹlẹbẹ méjì bí etí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ìka kan péré tó láti tẹ̀ ẹ́, jíà á sì yí. Mo yọ́ ìka mi sẹ́yìn, mo tẹ̀ ẹ́. Jíà kejì wọlé.

"Ẹ̀n-ẹ́n!" ni bàbá mi wí, ó sì tẹ̀yìn sí àga bí ọ̀gá. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, ẹ̀rín tí n ò rín láti ọjọ́ ìsìnkú. Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá mọ ọ̀nà wa, ẹ ó mọ̀ pé èèyàn ò lè bá àgbà pàdé kó kàn kọjá. Bàbá mi á ní kí n rọra, á sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀, á kí ẹni tó ń gbá iwájú ilé, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, á béèrè ọmọ tó wà ní Ìbàdàn. Tó bá kí i tán, ó di jíà kìíní, ká tún máa gùn ún padà. Kí a tó dé Ìlọrá, a ti kí èèyàn bí ogún. Gbogbo ìgbà ni ọwọ́ bàbá mi máa ń wà lórí ọ̀pá. Gbogbo ìgbà ni ìka mi máa ń wà lẹ́yìn sítíárìn.

Ariwo náà dá wàhálà sílẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní Ìlọrá dá mi dúró pé sàlẹ́ńsà, páìpù èéfín mọ́tò mi, ti já, ó rá pálá wọ abẹ́ mọ́tò, ó sì jáde pẹ̀lú ìbínú nítorí kò rí ohun tó já. Díákónì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní kí n má ṣe bínú, àmọ́ tíṣà obìnrin, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń fi mọ́tò bú mọ́ aráàlú láàárọ̀, ìgbéraga ni ayé máa pè é.

Bàbá mi ló dá a lóhùn. "Ẹ má bá ọmọ mi wí. Òun kọ́ ló ń yí jíà. Èmi ni."

Díákónì wo ọwọ́ tó wà lórí itan. Ó wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó kọ́ọ̀bù kúrò nílẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta la padà sí Ọ̀yọ́. Obìnrin tó ń tọ́jú iṣan fa ìka bàbá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kó di ọwọ́ òun mú gírígírí. Ó dúró. Ó ní kó tún un ṣe.

"Bàbá, ọwọ́ yìí ò tíì ṣe nǹkan kan o. Ẹ wo ìka kékeré yìí, ó ti ń ká. Ẹ ní ẹ ń yí jíà?"

"Lójoojúmọ́," bàbá mi wí.

Ó yíjú sí mi. Mo ń wo kàlẹ́ńdà ara ògiri.

Tíṣà ni mí. Tí ọmọ kan bá ń wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀ kọ ìdáhùn sílẹ̀, mo máa ń sọ fún ẹni tó ń fi ìwé hàn án pé òun gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá bàbá mi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, mo pè é ní ìfẹ́, ọwọ́ sì ń kú lọ níṣojú mi. Ojú tì mí débi pé n ò lè jẹun nígbà tí a délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ mọ́tò bí ìṣe wa. Mo tẹ Spọ́ọ̀tù, mo sì gbé ọwọ́ mi méjèèjì sí orí sítíárìn lókè pátápátá, níbi tí ìka ò ti lè kan ohunkóhun. A gbéra. Mọ́tò bú. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé jíà, ó tì í, kò lọ. A gba àárín Fìdítì kọjá ní jíà kìíní, ariwo ń sọ lókè, àwọn ọlọ́sàn dìde dúró. "Tíṣà, mọ́tò yín ń ké o!" Ọ̀kadà ń yà wá sílẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Òógùn bo iwájú orí bàbá mi. Ó tún tì í, kò lọ. A ti jáde nílùú, oko ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kò lọ.

N ò lè wò ó mọ́. Mo rọra sọ ọwọ́ ọ̀tún kalẹ̀ lára sítíárìn, mo yọ́ ìka sẹ́yìn.

"Má tẹ̀ ẹ́," bàbá mi wí. Kò tiẹ̀ wò mí.

Ìka mi dúró gbagidi. Ó fa èémí, ó fi gbogbo ara tẹ̀ sósì, ó sì ti ọwọ́ náà síwájú pẹ̀lú ariwo kan láti inú ikùn. Ọ̀pá gbéra. Ohùn mọ́tò bọ́ sílẹ̀, ó di tútù. Jíà kejì.

Mo kígbe. Ó sì jókòó síbẹ̀, ó ń mí gúlegúle, ọwọ́ kò kúrò lórí ọ̀pá.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" ni mo bi í.

"Láti ọjọ́ kìíní. Bí mo ṣe wa mọ́tò tó yẹn? Jíà ti wọlé kí ọwọ́ mi tó gbéra."

"Ẹ wá dákẹ́? Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́?"

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún nu òógùn iwájú orí rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti lọ, o kì í rẹ́rìn-ín nílé. Tí jíà yẹn bá ti wọlé báyìí, wàá rẹ́rìn-ín. Mo ní tó bá jẹ́ ọwọ́ òsì lásán ló máa ná mi, kó ná mi."

Omi ń bọ́ lójú mi, n ò sì lè nù ún, nítorí ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi di òkè sítíárìn mú gírígírí. Mọ́tò tún ti ń bú, ó ń bẹ̀bẹ̀ jíà kẹta. Mo jẹ́ kó máa bẹ̀bẹ̀. Mo ń dúró de bàbá mi.